Ta Ni Ó Ṣe Ọ̀bẹ Bàbá Àgbà?

Àdúgbò kan wà ní ìlú Kùtọ̀nù tí wọ́n ń pè ní Jonquet. Ariwo kì í tán níbẹ̀. Láti òwúrọ̀ kùtùkùtù ni àwọn awakọ̀ ti ń pe èrò: “Ouidah! Grand-Popo! Lomé!” Àwọn zémidjan aláṣọ yẹ́lò ń fọn fèrè. Àwọn ìyá ń ta ẹ̀kọ gbígbóná àti mọ́ínmọ́ín. Bí o bá tẹ́tí sílẹ̀, ìwọ yóò gbọ́ Yorùbá, ìwọ yóò gbọ́ Fọ̀n, ìwọ yóò sì gbọ́ Faransé.

Nínú ilé kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ni ọmọ méjì ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí wọn àti Ìyá Àgbà. Èyí obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9. Èyí ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 7. Gbogbo ará ilé ń pè wọ́n ní Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò.

Ní ọdún tó kọjá, Bàbá Àgbà kú. Nígbà ayé rẹ̀, ibùdókọ̀ Jonquet ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni ó ń di ẹrù sórí ọkọ̀. Bí Bàbá Àgbà bá di ẹrù, okùn rẹ̀ kì í tú títí ọkọ̀ yóò fi dé Lomé.

Nígbà tí wọ́n pín ogún, agbádá rẹ̀ kan àkọ́bí rẹ̀. Rédíò rẹ̀ kan bàbá àwọn ọmọ náà. Ẹ̀gbọ́n gba àga kékeré tí Bàbá Àgbà máa ń jókòó lé. Àbúrò gba ọ̀bẹ kíká kan. Ọ̀bẹ yìí ni Bàbá Àgbà fi ń gé okùn ní ibùdókọ̀. Òun kan náà ni ó fi ń bó ọsàn fún àwọn ọmọ ní ìrọ̀lẹ́.

Ìyá Àgbà sọ pé, “Tìrẹ ni, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni yóò wà títí ìwọ yóò fi dàgbà. Ọ̀bẹ kò mọ ẹni tó ni ín.”

Ojú ọ̀bẹ náà ti dúdú díẹ̀, nítorí ó ti pẹ́. Igi ni èèkù rẹ̀. Ó pupa rúsúrúsú, ó sì ń dán. Òrùka irin kan wà níbi tí irin àti igi ti pàdé. Ní ìdí èèkù náà, ilà kéékèèké mẹ́ta dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Olùkọ́ bi àwọn ọmọ kíláàsì pé, “Kí ni ó wà nílé yín tí ó jẹ́ ti àwọn àgbà?”

Ọmọ kan ní, “Ìlẹ̀kẹ̀.” Òmíràn ní, “Aṣọ òfì.”

Àbúrò dìde. Ó ní, “Ọ̀bẹ ni! Bàbá Àgbà mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.”

Ọmọbìnrin tí ó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Irọ́ ni! Bàbá àgbà rẹ kì í ṣe alágbẹ̀dẹ. Ọjà ni wọ́n ti ń ra irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀.”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Àbúrò. Omijé fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó kígbe pé, “Kì í ṣe irọ́! Bàbá Àgbà sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mo fi irin búra!”

Kíláàsì dákẹ́ lójijì. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé a kì í fi irin búra lásán.

Olùkọ́ gbé ẹfun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “A kì í fi ìbúra ṣeré, a kì í sì í fi ẹ̀rín dáhùn ọ̀rọ̀ ẹnìkejì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́, kí ó wádìí. Ọ̀pọ̀ ohun tí ènìyàn ṣe ni ó ní àmì ẹni tí ó ṣe é lára. Àbúrò, lọ wá àmì ọ̀bẹ rẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kì í wọ ilé ìwé o! Bébà ni kí o mú wá.”

Olùkọ́ fi ohun tí wọn yóò ṣe hàn wọ́n. Ó fi owó 100 fáráǹkì sórí tábìlì. Ó tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e. Ó wá ń fi pẹ́ńsù ha orí bébà náà, díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́, àwòrán ẹja tí ó wà lára owó náà jáde sórí bébà. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà mú ọ̀bẹ jáde. Ó fi aṣọ nù ún. Ó ṣí i, ó sì tẹ ojú ọ̀bẹ náà mọ́ tábìlì. Òun fúnra rẹ̀ ni ó di èèkù mú. Ẹ̀gbọ́n tẹ́ bébà lé irin, ó ń fi pẹ́ńsù ha á. Àbúrò kò mí.

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àwọn ìka ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni odindi ọwọ́ kan yọ. Lórí ọwọ́ náà, adé kan wà.

Àbúrò fò sókè. “Ọwọ́ ni! Ṣé ẹ rí i? Ọwọ́ Bàbá Àgbà ni!”

Ẹ̀gbọ́n wò ó. “Bàbá Àgbà kì í ṣe ọba. Kí ni yóò mú kí ọwọ́ rẹ̀ dé adé?”

Àbúrò kò rí èsì fún un.

Lẹ́tà wà lábẹ́ ọwọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n kà á: “O, P…” Lẹ́tà kan ti parẹ́. Ó tún kà á lọ: “N, E, L.” Wọ́n gbìyànjú láti fi lẹ́tà kan dí àlàfo náà. Wọ́n fi A sí i. Wọ́n fi U sí i. Wọn kò mọ èyí tí ó tọ̀nà.

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí a lọ bá bàbá tí ń pọ́n ọ̀bẹ.”

Bàbá náà wà ní ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀. Ó ń yí òkúta ìpọ́nbẹ, iná ń ṣẹ́ pàrà pàrà. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀, Àbúrò dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá.”

“Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ó dàgbà. Ìyá wa, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Kí ni ẹ mú wá?”

Àbúrò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un. Bàbá náà tẹ́tí, ó sì mi orí.

Ó ní, “Ọ̀bẹ dà bí ènìyàn. Bí o kò bá mọ ibi tí ó ti wá, wo ilà ojú rẹ̀.”

Ó na ọwọ́ sí aṣọ tí ó tẹ́ sílẹ̀. Ọ̀bẹ kíká oríṣiríṣi wà lórí rẹ̀. Ó mú ọ̀kan. “Èyí ni Okapi. Ẹ wo ìràwọ̀ àti òṣùpá lára èèkù rẹ̀. Ǹjẹ́ ìràwọ̀ wà lára tiyín?”

“Rárá, Bàbá.”

Ó mú òmíràn. “Èyí ni Douk-Douk. Èèkù rẹ̀ kì í ṣe igi. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ṣẹ́ po ni. Ẹ wo ohun tí ó dúró lára rẹ̀, ó dà bí eégún. Ǹjẹ́ eégún wà lára tiyín?”

“Rárá, Bàbá.”

“Kí ni ó wà lára tiyín?”

Ẹ̀gbọ́n na bébà sí i. “Ọwọ́ tí ó dé adé ni.”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. “Opinel nìyẹn! Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe é.”

Ẹ̀gbọ́n yára kà á: “O, P, I, N, E, L. I ni lẹ́tà tí ó parẹ́!”

Bàbá náà gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Ó ṣí i, ó sì yí òrùka irin náà. Ó ní, “Ẹ wò ó. Bí mo bá yí òrùka yìí báyìí, ọ̀bẹ kò lè pa dé mọ́ ènìyàn lọ́wọ́.” Lẹ́yìn náà ni ó gbé èèkù náà sókè, ó ń wò ó. “Ṣùgbọ́n ohun kan yà mí lẹ́nu. Èèkù Opinel kì í pupa tó báyìí.”

Ó wo Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó di ilé.”

Àbúrò kò sọ̀rọ̀ mọ́ lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ fún un, kò jẹ ẹ́. Ó jókòó sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

“Àbúrò, kí ló dé?” Ìyá Àgbà bi í.

“Ìyá Àgbà, ṣé Bàbá Àgbà purọ́ fún mi ni? Mo ti fi irin búra níwájú gbogbo kíláàsì.”

Ìyá Àgbà fà á mọ́ra. “Bàbá rẹ kò purọ́. Ìwọ ni o kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán. Kí ni ó máa ń sọ bí ó bá ń bó ọsàn fún yín?”

“Ó máa ń sọ pé, ‘Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é.’”

“Rárá o. ‘Ọwọ́ mi ni mo fi tún un ṣe.’ O ti gbé ‘tún un’ sọnù, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n òun ni ó gbé òtítọ́ ró.”

Ìyá Àgbà wá sọ ìtàn náà fún wọn.

Ní ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, Bàbá Àgbà wà lórí ọkọ̀, ó ń di ẹrù. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ọ̀bẹ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó tó sọ̀ kalẹ̀, táyà ọkọ̀ mìíràn ti gun ọ̀bẹ náà. Èèkù rẹ̀ fọ́ yángá. Ojú ọ̀bẹ kò kán, òrùka irin kò sì fọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ pé, “Sọ ọ́ nù. Ra òmíràn.” Kò dá wọn lóhùn. Ó ṣa irin náà sínú àpò.

Ó lọ tọrọ ègé igi ìrókò lọ́wọ́ káfíńtà kan. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni ó fi gbẹ́ ẹ lábẹ́ fìtílà. Ó la ihò gígùn sínú igi náà, kí ojú ọ̀bẹ lè ráyè sùn sínú rẹ̀. Ó fi ìṣó kékeré kan so irin àti igi pọ̀. Ó fi òrùka irin padà sí àyè rẹ̀. Ó ṣí ọ̀bẹ, ó pa á dé. Ó tún ṣí i, ó tún pa á dé. Ó dára.

Ìyá Àgbà ní, “Nígbà tí ó parí rẹ̀, ó gé ilà mẹ́ta sí ìdí èèkù. Mo bi í pé kí ni ìyẹn. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.”

Àwọn ọmọ rántí ojú Bàbá Àgbà. Ilà pélé ni ó kọ, mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì.

Àbúrò fi ìka kan ilà mẹ́ta tí ó wà lára èèkù náà, jẹ́jẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ó jókòó lórí ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà, tí ó ń fi ọwọ́ kan ojú rẹ̀.

Ó bi Ìyá Àgbà pé, “Ìbúra tí mo bú ńkọ́?”

“Bàbá rẹ tún ọ̀bẹ ṣe. Ìwọ náà, lọ tún ọ̀rọ̀ rẹ ṣe.”

Ní ọjọ́ kejì, Àbúrò fún Olùkọ́ ní bébà náà kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ wò ó, ó ní, “Fún mi ní ọjọ́ kan. Èmi náà ní ìwádìí láti ṣe.”

Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, Olùkọ́ pe Àbúrò síwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó wo ilẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè.

Ó ní, “Ní ọjọ́ Ajé, mo sọ pé Bàbá Àgbà mi ni ó ṣe ọ̀bẹ mi. Mo sì fi irin búra. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Mo wá tún un ṣe. Opinel ni ó ṣe irin rẹ̀. Èèkù rẹ̀ fọ́, Bàbá Àgbà mi sì gbẹ́ tuntun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.”

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tí ó jókòó tì í na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Èmi náà ṣì í. Mo ní ọjà nìkan ni ó ti wá.”

Olùkọ́ ní, “Ẹ̀yin méjèèjì ṣeun. Ó ku ẹni kan tí ẹ kò tíì mọ̀.”

Ó wá sọ fún wọn pé: “Ní ilẹ̀ Faransé, òkè ńlá pọ̀ ní agbègbè kan tí à ń pè ní Savoie. Ìdílé kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ iṣẹ́ irin. Wọ́n ń rọ àáké àti irinṣẹ́ oko. Joseph Opinel ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn. Ní ọdún 1890, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18, ó ṣe ọ̀bẹ kíká kan tí àgbẹ̀ lè fi sínú àpò. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọdún 1897, ó ti ṣe é ní ìwọ̀n 12, láti nọ́mbà 1 tí ó kéré jù lọ dé nọ́mbà 12.

“Tipẹ́tipẹ́, ní ọdún 1565, ọba Faransé kan tí ń jẹ́ Charles IX ti pàṣẹ pé kí olúkúlùkù ọ̀gá tí ń rọ ọ̀bẹ fi àmì tirẹ̀ sára iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1909, Joseph Opinel yan àmì tirẹ̀. Ọwọ́ tí ó dé adé ni ó yàn.”

Ẹnìkan béèrè pé, “Olùkọ́, ọdún wo ni wọ́n ṣe ọ̀bẹ Àbúrò?”

“Òrùka rẹ̀ yóò ràn wá lọ́wọ́,” ni Olùkọ́ dáhùn. “Tẹ́lẹ̀, kò sí òrùka tí a ń yí lára Opinel. Marcel, ọmọ Joseph, ni ó ṣe é ní ọdún 1955, kí ọ̀bẹ má baà pa dé mọ́ ọwọ́ ènìyàn. Àbúrò, nígbà wo ni Bàbá Àgbà rẹ ra ọ̀bẹ náà?”

“Ìyá Àgbà ní Dahomey ni orúkọ ilẹ̀ wa nígbà náà.”

Olùkọ́ fa ilà gígùn kan sára pátákó. Ó kọ 1955 sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ní ọdún 1975, Dahomey di Benin.” Ó kọ 1975 sí òpin rẹ̀. “Àárín ọdún méjèèjì yìí ni wọ́n ṣe ọ̀bẹ náà. Ṣé ẹ rí i? Irin kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò gbọ́ ohun tí ó ń wí.”

Lẹ́yìn náà, Olùkọ́ ya ọwọ́ kan tí ó dé adé. Ó fún Àbúrò ní ẹfun. Àbúrò fa ilà mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ náà.

Olùkọ́ bi kíláàsì pé, “Ta ni ó ṣe ọ̀bẹ yìí?”

Gbogbo wọn dáhùn pé, “Ẹni méjì ni!”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà fi ọ̀bẹ náà bó ọsàn fún àwọn ọmọ. Nígbà tí wọ́n mu ún tán, ó fọ ọ̀bẹ, ó sì pa á dé. Àbúrò mú aṣọ gbígbẹ wá. Ó mọ̀ pé irú irin bẹ́ẹ̀ máa ń dógùn-ún bí omi bá wà lára rẹ̀.

Ìyá Àgbà nu irin. Àbúrò nu èèkù. Ó fi epo díẹ̀ ra igi ìrókò náà títí ilà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń dán. Ó wá dá ọ̀bẹ padà fún Ìyá Àgbà kí ó bá òun tọ́jú rẹ̀.

Ìbéèrè

1. Iṣẹ́ wo ni Bàbá Àgbà ń ṣe ní Jonquet?
2. Àmì méjì wo ni ó wà lára ọ̀bẹ náà? Ti ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan?
3. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ọ̀bẹ náà kì í ṣe Okapi tàbí Douk-Douk?
4. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin “mo ṣe é” àti “mo tún un ṣe”?
5. Báwo ni Àbúrò ṣe tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe?
6. Wá ohun àtijọ́ kan nílé yín tí kò lè ṣe ọ́ léṣe. Béèrè lọ́wọ́ àgbà kan pé ta ni ó ṣe é, kí o sì wá àmì rẹ̀.